Òjò Àkọ́rọ̀, Òjò Àrọ̀kúrò, àti Ibi tí Àwọn Baba Wa Tẹ̀dó Sí

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé léèrè ìdí tí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta fi wà ní ibi tí wọ́n wà, ìdáhùn rẹ̀ kì í ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ: ogun. Ìdáhùn náà kò burú. Ogun ni ó fọ́ Òwu, ogun ni ó tú àwọn Ẹ̀gbá ká kúrò ní ìletò wọn, ogun ni ó sì sọ Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro. Ṣùgbọ́n lílé ni ogun ń lé ènìyàn. Kì í sọ fún ẹni tí ó lé pé, Níhìn-ín ni kí o kọ́ ilé sí. Kí ni ó dé tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, tí wọ́n ti ọ̀nà oríṣìíríṣìí wá, fi dúró lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà, níbi tí ẹgàn ti ń parí tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀? Àwọn olùkọ́ wa kò bi ara wọn ní ìbéèrè yìí tó. Ní tèmi, mo gbà pé òjò ni ó dá wọn dúró. N kò wí pé òjò púpọ̀. Òjò tí kì í yẹ àdéhùn ni mo wí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òjò náà fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n òjò tí ń rọ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún kan àti èyí tí ń rọ̀ ní Kaduna ní òkè Ọya kò jìnnà sí ara wọn rárá. Ó súnmọ́ 50 íńṣì ní ìlú méjèèjì. Ẹni tí ó bá wo iye yìí nìkan yóò wí pé ọ̀kan náà ni ìlú méjèèjì lójú àgbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Afẹ́fẹ́ tútù tí ó ń ti inú òkun wá a máa tẹ̀ lé oòrùn lọ sí ìhà àríwá, a sì tún máa bá a padà bọ̀. Òjò a sì máa rọ̀ sí ibikíbi tí wọ́n bá dé. Àwa tí a wà ní ìhà gúúsù ń rí òjò yìí ní àlọ, a sì ń rí i ní àbọ̀. Òun ni ó mú kí òjò wa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, kí ó pọ̀ ní oṣù kẹfà, kí ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní oṣù kẹjọ, kí ó sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án títí ọyẹ́ yóò fi dé. Kaduna wà ní ìdí ọ̀nà náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń rí òjò níbẹ̀, oṣù kẹjọ tí tiwa dákẹ́ gan-an ni tiwọn sì ń pọ̀ jù lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀rùn dé, a sì gùn tó ìdajì ọdún. Bí a bá ti ń gòkè láti Ìbàdàn lọ sí àríwá, díẹ̀díẹ̀ ni ìdákẹ́ inú oṣù kẹjọ náà ń parẹ́, tí òjò méjì sì ń papọ̀ di ọ̀kan.

Àgbẹ̀ mọ ohun tí ìdákẹ́ yìí ṣe fún un. Ní àkókò náà ni àgbàdo àkọ́kọ́ ń gbẹ lórí igi rẹ̀, tí a ń ṣẹ́ ẹ wálé láìbu, tí a sì ń ro ilẹ̀ fún gbígbìn ẹ̀ẹ̀kejì. Bí ti àkọ́kọ́ bá já ènìyàn kulẹ̀, ti ẹ̀ẹ̀kejì ń bẹ lọ́nà. Oṣù mélòó kan ni ebi lè pa á, kì í ṣe odindi ọdún. Àwọn baba wa ti fún òjò méjèèjì ní orúkọ kí ìwé tó dé: àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, iṣẹ́ tí ó parí ní ọdún 1884, ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni wọ́n mú fún òjò ilẹ̀ Kénáánì. Wọ́n bá wa mu dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò Kénáánì kò rí bí tiwa: ti ibẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, a sì máa parí ní nǹkan bí oṣù kẹrin, nígbà tí tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé.

Ẹnìkan lè wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èéṣe tí ìlú tí ó tóbi jù lọ nínú ìtàn wa fi wà nínú ọ̀dàn gbígbẹ? Ọ̀yọ́ Ilé wà ní nǹkan bí 80 máìlì sí ìhà àríwá Ọ̀yọ́ ti òní. Ahoro rẹ̀ wà nínú igbó ọba tí Ìjọba Àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ẹranko ní ọdún 1991. Ẹṣin ni ìdáhùn náà. Nínú igbó tútù, eṣinṣin kan ń bẹ tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, tí ó sì ń kó àrùn sí ẹṣin lára títí yóò fi kú. Eṣinṣin náà kò fẹ́ ibi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gùn. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀rùn gígùn tí àgbẹ̀ kórìíra ni ẹlẹ́ṣin ń wá, ìjọba tí ó sì fi ẹṣin ṣe agbára rẹ̀ kò lè fi igbó ṣe ilé. Àwọn Aláàfin yan ojú ọjọ́ tí ó bá ogun àti òwò wọn mu. Oúnjẹ ń wá láti oko àwọn ìlú tí ń sìn wọ́n.

Ìtàn kan wà nínú ìwé Àlùfáà Samuel Johnson, ìwé tí ó parí ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921, tí ó fi hàn bí ó ti ṣòro tó láti ṣí ènìyàn nípò. Àwọn Tápà ti lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé ní ìgbà ayé Onígbogí, ìjọba sì wá fìdí múlẹ̀ ní Ìgbòho fún ìgbà pípẹ́. Abípa ni ó pinnu láti padà. Àwọn ìjòyè kò fẹ́. A ti bí púpọ̀ nínú wọn sí Ìgbòho, ibẹ̀ ni ilé àti oko wọn wà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọba yóò rán ènìyàn lọ wo ibi àtijọ́ náà, olúkúlùkù wọn fi abuké, àfín, arọ, adẹ́tẹ̀ tàbí aràrá ránṣẹ́ ṣáájú. Àwọn wọ̀nyí gun òkè tí ń bẹ níbẹ̀, wọ́n ń gbé iná kiri ní òru, wọ́n sì ń ké pé kò sí àyè. Ẹ̀rù ba àwọn ìránṣẹ́ ọba, wọ́n sáré padà wá ròyìn iwin. Ṣùgbọ́n ọba gbọ́n. Ó rán àwọn ọdẹ, wọ́n yí òkè náà ká, wọ́n sì kó gbogbo àwọn iwin náà wá fún un láàyè. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí àwọn ìjòyè pé jọ ní ààfin, ó pọn ọtí fún wọn, ẹni tí ìjòyè kọ̀ọ̀kan rán lọ ni ó sì gbé igbá tirẹ̀ wá fún un. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀, àwọn iwin inú igbó. Wọ́n sì bá a padà lọ. (Bí ó ti rí lára àwọn ìjòyè bí wọ́n ti gba igbá náà, Johnson kò nílò láti sọ ọ́ fún wa.)

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn òǹkàwé máa ń fò kọjá. Ìgbòho àti Ọ̀yọ́ Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ọ̀gbọọgba lórí àwòrán ilẹ̀, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn, èkejì ní ìlà-oòrùn. Ojú ọ̀run kan náà ni ó bò wọ́n. Àgbẹ̀ tí ó bá Abípa lọ kò ní láti kọ́ ìgbà òjò tuntun. Ọjọ́ tí ó ń gbin iṣu ní Ìgbòho náà ni yóò gbìn ín ní Ọ̀yọ́.

Ẹ wá fi èyí wé ti Atìbà. Lẹ́yìn tí Aláàfin Olúewu ṣubú nínú ogun Ẹlẹ́duwẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1836, Ọ̀yọ́ Ilé tú, Atìbà sì tẹ ìlú tuntun dó ní Àgọ́ Ọ̀jà. Òun kò padà gẹ́gẹ́ bí Abípa ti padà. Òótọ́ ni pé Ìlọrin ń ṣọ́ gbogbo ọ̀nà àríwá, òótọ́ sì ni pé igi igbó ń dí ẹṣin ọ̀tá lọ́nà. Ní nǹkan bí 1840, nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́ ogun Ìlọrin ní Òṣogbo, gbogbo ènìyàn rí i pé ẹlẹ́ṣin kò ní jọba ní etí igbó. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ìdí mìíràn wà pẹ̀lú, èyí tí kò ní akéwì. Ènìyàn tí ó ti sọ̀kalẹ̀ wá láti ọ̀dàn, tí ó sì ti kórè àgbàdo lẹ́ẹ̀méjì nínú ọdún kan, ta ni yóò kó o padà?

Orúkọ Ìbàdàn pàápàá jẹ́rìí sí ohun tí mo ń wí. Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni, ìlú tí ó wà ní etí pápá. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ dó síbẹ̀ ní 1829, ìletò àwọn Ẹ̀gbá tí ó ti di ahoro ni wọ́n bá. Wọ́n pè é ní àgọ́ ogun, ohun tí a kì í gbé pẹ́. Nígbà tí Àlùfáà David Hinderer àti aya rẹ̀ fi wá gbé ibẹ̀ ní 1853, tí wọ́n kọ́ ilé sí Kúdẹtì, àgọ́ náà ti di ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Àwọn jagunjagun kò lè jẹ irin. Oko ni ó bọ́ wọn, oko tí ó yí ìlú náà ká fún ọ̀pọ̀ máìlì, tí àwọn ẹrú sì ń ro púpọ̀ nínú rẹ̀, kí a má parọ́. Abẹ́òkúta, tí a tẹ̀dó ní 1830 lábẹ́ Olúmọ, rí bákan náà: àpáta ni ó dáàbò bò wọ́n, ilẹ̀ òjò méjì ni ó sì bọ́ wọn.

Kòkó tún wá fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Igi yìí kò lè fara da ẹ̀ẹ̀rùn gígùn. Nítorí náà ó gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Oǹdó, ó sì kọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ogun kò sí níhìn-ín rárá, síbẹ̀ òjò tún pín àwọn ènìyàn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ fi òwò ṣe kòkó tiwọn, wọ́n sì lọ sí Gold Coast, tí ó di Gánà, títí òfin ọdún 1969 fi lé wọn padà wálé.

Ohun tí ó mú mi kọ ìwé yìí ni ohun tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí àdéhùn àtijọ́ náà. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo ilé, ó sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omíyalé tún dé, àwọn tí ó kú sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo oṣù náà dáadáa. Oṣù kẹjọ ni, oṣù tí àgbàdo ń gbẹ, oṣù tí àwọn baba wa fi ọkàn tán pé òjò yóò dákẹ́. N kò wí pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní ayé àtijọ́. Ojú ọjọ́ kì í ṣe aago. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ Ìbàdàn dó mọ̀ pé òjò lè yẹ àdéhùn lọ́jọ́ kan. Wọ́n fi oko sí àfonífojì, wọ́n sì kọ́ ilé sórí òkè: Òkè Àrẹ̀mọ, Òkè Àrẹ, àti Òkè Màpó, níbi tí a ṣí gbọ̀ngàn ìlú ní 1929. Àwa ni a sọ̀kalẹ̀ tọ odò lọ. Lẹ́yìn 1980, ìjọba fi kọnkéré mọ ojú ọ̀nà fún Ògùnpa. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní etí rẹ̀ ní ìhà méjèèjì.