Títún Balùwẹ̀ Ilé Àyágbé Ṣe fún Ọmọ Akàndá: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí àti Onílé Mọ̀

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ó ń gbé ilé àyágbé, pàápàá ilé oníyàrá púpọ̀ tí balùwẹ̀ kan ṣoṣo wà ní ẹ̀yìnkùlé fún gbogbo ayálégbé. Bí ọmọ tí kò lè dá rìn tàbí dá jókòó bá wà nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, òbí ní í gbé e lọ síbi ìwẹ̀. Nígbà tí ọmọ wà ní ọdún méjì, èyí kò ṣòro. Bí ó bá di ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìwúwo rẹ̀ lè ju ohun tí ìyá kan lè dá gbé lórí ilẹ̀ tí omi àti ọṣẹ ti mú kí ó máa yọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn òbí ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ náà ni ọmọ ti ń ṣubú. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé àtúnṣe tí kò nílò àṣẹ onílé, àti èyí tí ó nílò rẹ̀.

Ẹ mọ ohun tí ọmọ nílò

Láyé àtijọ́, àrùn rọpárọsẹ̀ ló sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di aláìlèrìn. Lónìí, púpọ̀ nínú wọn ni ọpọlọ wọn farapa nígbà ìbí nítorí pé wọn kò tètè mí, tàbí nítorí ibà pọ́njú tí ó sọ ojú àti ara ọmọ tuntun di àwọ̀ ìyeyè, tí kò sì tètè rí ìtọ́jú. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ le, tí ẹsẹ̀ nìkan ni kò lágbára, lè fi ọ̀pá ìdìmú ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ tí ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò dúró nílò àga tí yóò gbé e ró. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí oníṣẹ́ físíò kí ẹ tó náwó.

Àtúnṣe tí kò nílò àṣẹ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ lè kó lọ bí ẹ bá kúrò nínú ilé.

• Àga ìwẹ̀: Àga ike tí ó ní apá ṣeé lò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yà lórí ilẹ̀ tó tutù. Ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀já fífẹ̀ gbá ọmọ mọ́ àga ní àyà àti ìbàdí, kì í ṣe ní ọrùn. Ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀.

• Àga ìgbọ̀nsẹ̀: Káfíńtà lè dá ihò sí àárín àga onígi, kí a gbé e sórí ṣáláńgá tàbí kí a fi ike sábẹ́ rẹ̀.

• Omi: Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sínú korobá kí ẹ tó bu gbígbóná sí i. Ẹ fi ìgbúnwọ́ yín tọ́ ọ wò, nítorí ọmọ mìíràn kò lè sọ pé omi ń jó òun.

• Aṣọ ìkélé: Ọmọ akàndá náà ń dàgbà, ojú sì ń tì í. Kò yẹ kí gbogbo àgbàlá máa wò ó níbi ìwẹ̀.

Àtúnṣe tí ó nílò àṣẹ

• Ìgòkè: Bí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ bá ga ju ilẹ̀ lọ, kí mọlémọlé fi kọnkéré ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Fún sẹ̀ǹtímítà 1 gíga, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12. Àtẹ̀gùn tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 yóò gba sẹ̀ǹtímítà 120.

• Ilẹ̀kùn: Ẹ wọn àga oníkẹ̀kẹ́ ọmọ ná. Àyè tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80 ni ó dára jù. Ó sàn kí ilẹ̀kùn máa ṣí síta, nítorí bí ọmọ bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, kò ní ṣeé ṣí.

• Ọ̀pá ìdìmú: Búlọ́ọ̀kù oníhò ni a fi mọ ọ̀pọ̀ ògiri wa. Ìṣó tàbí bóòtì kékeré yóò yọ lọ́jọ́ tí ọmọ bá fi gbogbo ara fà á. Kí wẹ́dà fi bóòtì gígùn la ògiri já, kí ó fi irin pẹlẹbẹ dè é lẹ́yìn, tàbí kí a ri ẹsẹ̀ ọ̀pá náà mọ́ kọnkéré ilẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ọmọ dé nígbà tó bá jókòó ni kí ẹ fi sí. Kí àgbàlagbà kan fi gbogbo agbára fà á wò kí ọmọ tó lò ó.

Àdéhùn pẹ̀lú onílé

Ayálégbé kò gbọdọ̀ wó ògiri tàbí pààrọ̀ ilẹ̀kùn láìgba àṣẹ, ohun tí a bá sì rì mọ́ ilé sábà máa ń di ti onílé. Ẹ mú àgbà kan nínú ẹbí dání lọ bá bàbá tàbí ìyá onílé, kí ẹ sì ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Bí ó bá gbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: irú iṣẹ́ náà, ẹni tí yóò sanwó, bóyá a ó yọ ọ́ nínú owó ilé, àti bóyá a ó wó o nígbà tí ẹ bá ń kó lọ. Ilé ẹbí pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó ń gba owó ilé lè má jẹ́ ẹni tó láṣẹ. Ẹ rí i pé olórí ẹbí fọwọ́ sí ìwé náà.

Kí onílé náà rántí pé ìgòkè àti ọ̀pá ìdìmú kò ba ilé jẹ́. Arúgbó, aláboyún àti aláìsàn yóò jàǹfààní rẹ̀.

Ohun tí òfin sọ

Òfin àpapọ̀ tó fòfin de ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, pàṣẹ pé kí ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọ̀nà fún akàndá. Àṣẹ yẹn kò fi dandan lé e pé kí onílé àdáni fi owó tirẹ̀ tún balùwẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya akàndá sọ́tọ̀ ní ọ̀nà kankan. Ìjìyà ẹni tó bá rú u ni owó ìtanràn ọgọ́rùn-ún kan ẹgbẹ̀rún náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Nítorí náà, kí onílé má ṣe lé ìdílé jáde nítorí pé ọmọ wọn jẹ́ akàndá.

Ibi tí ẹ lè lọ

Fún àyẹ̀wò ọmọ, ẹ lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba Ìpínlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù. Fún ìmọ̀ràn lórí ìtọ́jú ọmọ, ẹ kàn sí ẹ̀ka ìgbáyégbádùn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, tàbí Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Obìnrin àti Ìdàgbàsókè Àwùjọ ní Òkè-Mọ́sàn, Abẹ́òkúta. Bí èdè-àìyedè bá dé pẹ̀lú onílé, tí agbára yín kò sì ká owó agbẹjọ́rò, ẹ lọ sọ́dọ̀ Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀.