Orúkọ Táíwò ní Ilẹ̀ Yàgbà

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ kan wà tí a kì í wo ilé kí a tó fi wọ́n sọ ọmọ. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni í gbé wọn bọ̀ wá: Dàda, Òjó, Àjàyí, Ìgè, Sàlàkọ́, Táíwò, Kẹ́hìndé. Àmútọ̀runwá ni à ń pè wọ́n. Nítorí pé a ní ọ̀run ni wọ́n ti wá, ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé wọn kò ní ọjọ́ orí, pé bí a ti ń jẹ́ wọn lónìí náà ni a ti ń jẹ́ wọn láti ìwáṣẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire. Èmi ọmọ Odò-Ẹrẹ̀ kò lè gba èyí. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan nínú wọn, Táíwò, kí n sì fi hàn yín pé orúkọ yìí ní ọjọ́ orí ní ilẹ̀ Yàgbà, àti pé ọjọ́ orí náà kò pọ̀ rárá.

Tọkùnrin tobìnrin ní í jẹ́ Táíwò. Ti ọkùnrin ni n ó sọ, nítorí pé ìtàn ìdílé wa a máa ka baba ju ìyá lọ, ibẹ̀ ni a sì ti lè tètè mọ orúkọ tí ó wà àti èyí tí kò sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin fún ẹnikẹ́ni: tọ́-ayé-wò. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ni ó rán àbúrò rẹ̀ ṣíwájú pé kí ó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn.

Ní Èkó, ayé dùn fún Táíwò. Daniel Conrad Táíwò, oníṣòwò ńlá tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Táíwò Olówó, kú ní 1901 nínú ọlá àti ọ̀wọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson náà to orúkọ yìí mọ́ àwọn àmútọ̀runwá nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yàgbà ní àkókò kan náà, ayé tí ọmọ náà wá tọ́ wò korò bí jogbo. Èèmọ̀ ni a ka ìbejì sí níbẹ̀. Wọ́n ní ẹranko ni í bí ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. A kì í jẹ́ kí wọn ó yè, ìyá wọn a sì di ẹni ìtìjú. Ọmọ tí kò rí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, orúkọ wo ni yóò jẹ́?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Yàgbà nìkan ni ó ṣe èyí. Ní Calabar, níbi tí Mary Slessor dé ní 1876, ìjà tí ó jà nítorí ìbejì ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ìtàn àwọn ará Oǹdó sọ pé nítorí pé olorì kan bí ìbejì ni a fi lé òun àti ọmọ jáde láàfin, tí ìrìn wọn fi di ìlú. Púpùpú, ọ̀kan nínú ìbejì náà, ni wọ́n kà sí ọba wọn àkọ́kọ́. Ọ̀mọ̀wé T. J. H. Chappel kọ ní 1974 pé Yorùbá tí ń gbẹ́ ère ìbejì lónìí, tí ń bọ ìbejì bí òrìṣà, ti kọ̀ wọ́n rí, àti pé nǹkan bíi àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni ìyípadà náà bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa rìn. Àwọn kan kàn tètè dé ni.

Ta ni ó wá mú ìyípadà dé ọ̀dọ̀ wa? Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni Tommy Titcombe, òyìnbó ìjọ SIM tí ó dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908. Iyì rẹ̀ tọ́ sí i. Òun àti Ethel ìyàwó rẹ̀ dúró gbọn-in lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n gba ìbejì mọ́ra, wọ́n sì jẹ́ kí ojú gbogbo ènìyàn rí i pé ìbejì dàgbà, ilé kò sì dàrú. Ṣùgbọ́n òyìnbó lè bẹ̀bẹ̀ kí a má pa ọmọ. Kì í ṣe òun ni ó ṣẹ̀dá orúkọ tí a fi pè é. Orúkọ náà ti wà lẹ́nu Yorùbá ìsàlẹ̀. Mo rò pé ọ̀nà méjì ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Èkíní ni àwọn ènìyàn wa tí ogun Tápà kó lọ, tí púpọ̀ nínú wọn padà sílé lẹ́hìn tí ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà ní 1897. Wọ́n ti gbé láàárín àwọn ẹlòmíràn, wọ́n sì ti rí i pé ohun tí a ń pè ní èèwọ̀ nílé kì í ṣe èèwọ̀ níbi gbogbo. Èkejì ni Bíbélì Yorùbá, tí a túmọ̀ parí ní 1884. Ẹni tí ó bá kà nípa Ísọ̀ àti Jákọ́bù nínú rẹ̀ yóò rí ìbejì tí Ọlọ́run kò kọ̀.

Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ó le jù lọ, àwọn ìyá ni ó ṣe é. Ìyá Yàgbà tí ó kọ́kọ́ gbé ọmọ méjì pọ̀, ọ̀kan lẹ́hìn, ọ̀kan níwájú, tí ó sì gba ojú ọjà kọjá, òun ni ó sọ Táíwò lórúkọ ní tòótọ́. A kò ní ère rẹ̀ ní ìlú kankan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander ti Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní Igbó-Ọrà ní nǹkan bíi àádọ́ta ọdún sẹ́hìn. Nínú 1,000 ìbímọ, nǹkan bíi 45 ni ó jẹ́ ti ìbejì. Ní ilẹ̀ Europe nígbà náà, kò tó 15. Ọmọ Yorùbá ni àwa náà. Bí ìbejì wa bá tilẹ̀ jẹ́ ìdajì ti Igbó-Ọrà péré, mélòó ni kò rí ọjọ́ kẹjọ?

Lónìí, Táyé pọ̀ ní Odò-Ẹrẹ̀. Bí olùkọ́ bá ké e ní kíláàsì, ó lè jẹ́ pé ọmọ méjì ni yóò dáhùn. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn ìlú yín sílẹ̀, ẹ má ṣe ka kìkì orúkọ tí ó wà. Ẹ wo èyí tí kò sí pẹ̀lú. Bí ẹ bá ka ìran mẹ́fà baba yín tí ẹ kò rí Táíwò kan, tí ẹ kò rí Kẹ́hìndé kan, ẹ má ṣe sọ pé ìdílé yín kò bí ìbejì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé a bí wọn, a kò jẹ́ kí wọn ó jẹ́ orúkọ.