Kòkòrò Tí Ń Jẹ Obì: Ìtàn Àìsàn Kíndìnrín Òjijì

Ní ọdún 1926 ni èbúté tí ìjọba amúnisìn kọ́ sí Àpápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹrù ń gba Wharf Road kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá sì ń wá ibùgbé sí Ajégúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé há níbẹ̀, ilẹ̀ jẹ́ àbàtà, omi tí ó mọ́ sì ṣọ̀wọ́n. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, kúrúnà àti egbò kì í jìnnà sí ara ọmọdé. Egbò a san, ìyá a gbàgbé. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ọmọ a wú, ìtọ̀ rẹ̀ a dínkù, a sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Wọn a ní ọwọ́ ayé ni.

Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù náà ti ṣàkíyèsí irú rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: ibà ọ̀fun a lọ tán, ara ọmọ a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wú. Ní 1905, Clemens von Pirquet àti Béla Schick, ní Vienna, tẹ ìwé jáde lórí àìsàn tí ń tẹ̀lé abẹ́rẹ́ omi-ẹ̀jẹ̀ ẹṣin. Wọ́n ní ní àwọn ọjọ́ ìdákẹ́ náà ni ara fi ń rọ ohun-ìjà, ohun-ìjà yìí gan-an ní í sì í ṣe ara léṣe.

Ìmọ̀ òde òní jẹ́rìí sí i. Ohun-ìjà ara a so mọ́ ègé kòkòrò streptococcus tí ó wọ inú egbò. Àwọn méjèèjì a há sínú asẹ́ tíntìntín tí kíndìnrín fi ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun ẹ̀jẹ̀ a ya lọ síbẹ̀, asẹ́ a wú, a sì dí.

Ìbàdàn pẹ̀lú kó ipa tirẹ̀. Ní 1963, Gilles àti Hendrickse fi hàn pé kòkòrò ibà tí à ń pè ní Plasmodium malariae lọ́wọ́ nínú irú àrùn kíndìnrín kan tí ń ṣe àwọn ọmọdé. Ti ibà yìí kì í yára bí ti egbò, ṣùgbọ́n ogun kan náà ni. Oògùn ibà pa kòkòrò; kíndìnrín kò tìtorí èyí sàn.

Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ní ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí egbò kó bá ni ara rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò bí ó bá tètè dé ilé ìwòsàn. Nítorí náà, bí ojú akẹ́kọ̀ọ́ bá wú láàárọ̀, kí olùkọ́ má ṣe bèèrè ohun tí ó jẹ lánàá nìkan. Kí ó bèèrè egbò oṣù tí ó kọjá.