Ilé Àdùnní ní Òṣogbo àti Àwọn Ilé Baba Wa

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò, nílé àti lẹ́yìn odi, ní ọdún yìí a fẹ́ kí ẹ fi ojú ọ̀nà Àgbádárìgì sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ bá wa dé òpópónà Ìbòkun ní Òṣogbo. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà níbẹ̀ tí a kọ́ bí àwọn Àgùdà ti í kọ́lé. Inú rẹ̀ ni Susanne Wenger, ayàwòrán olókìkí nì, gbé títí ó fi di arúgbó.

Ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria ni a gbé bí i ní 1915. Ní 1950 ni òun àti ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, wá sí ilẹ̀ wa. Ikọ́ ẹ̀gbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nígbà tí wọ́n dé Ẹdẹ, Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, fà á mọ́ra, obìnrin náà sì di olórìṣà. Àdùnní ni a ń pè é. Ó ń kun àwòrán, ó sì ń fi ẹ̀kọ ya aṣọ bí àwọn aláàdìrẹ wa. Nígbà tí igbó Ọ̀ṣun ń parun lọ, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí ni wọ́n fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì tún ojúbọ ibẹ̀ ṣe. Àjọ UNESCO ka igbó náà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2009 ni Àdùnní kú, ẹni ọdún 93. Àwọn ọmọ tí ó gbà tọ́ àti àwọn olórìṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ilé náà di ahoro. Lójú tiwa, èyí ni ó gbà á là ju òfin lọ. Ṣé òfin kò kúkú dáàbò bo ilé Ìlọ́jọ ní gbàgede Tinúubú l'Ékòó? Láti 1956 ni ìjọba ti kà á sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀ pátápátá.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀ yín. Kí ẹbí tó fọwọ́ sí i pé kí a wó ilé baba wọn láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, kí a ya fọ́tò rẹ̀, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ àti ti bíríkìlà rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.