Kí Ni Ìjọba Ń Sanwó Fún? Ìtàn Ilé-Ìwé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Méjì ní Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2018, àjọ tó ń ṣe alábòójútó ilé-ìwé ECOT ní ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, dìbò pé kí wọ́n ti ilé-ìwé náà pa. Ọdún ẹ̀kọ́ kò tíì parí. Kò sí géètì tí wọ́n fi àgádágodo sí, kò sì sí ọmọ tó gbé báàgì kọ́ èjìká padà sílé, nítorí pé ilé ni gbogbo wọn wà tẹ́lẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀, nǹkan bíi 12,000 akẹ́kọ̀ọ́ di ẹni tí ń wá ilé-ìwé kiri láàárín sáà, àwọn olùkọ́ tó ní ìwé-àṣẹ ìjọba lọ́wọ́ sì di ẹni tí ń wá iṣẹ́.

Owó ló pa ECOT. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó náà ní gbòǹgbò: nígbà tí ìjọba bá ń gbọ́ bùkátà ilé-ìwé tí kò ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kí gan-an ni owó náà ń rà? Ṣé orúkọ ọmọ nínú ìwé ni, tàbí wákàtí tí ọmọ náà lò nídìí ẹ̀kọ́, tàbí ẹ̀kọ́ tó kọ́ parí? Florida àti Ohio dáhùn ìbéèrè yìí lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì bí ọmọ tirẹ̀.

Florida ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní 1997, àgbègbè ètò ẹ̀kọ́ méjì, Orange tí ìlú Orlando wà nínú rẹ̀ àti Alachua tí Gainesville wà nínú rẹ̀, pawọ́pọ̀ dá ilé-ìwé gíràmà orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ fi 200,000 dọ́là ràn wọ́n lọ́wọ́. Julie Young ni olùdarí àkọ́kọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ kò fi ilé-ìwé àdúgbò wọn sílẹ̀ rárá. Ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì tí ilé-ìwé wọn kò ní olùkọ́ fún ni wọ́n wá gbà níbẹ̀. Ní ọdún 2000, òfin sọ ọ́ di àjọ tó dá dúró, tó ní ìgbìmọ̀ tí gómìnà ń yàn. Florida Virtual School ni gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí.

Ọdún 2003 ni nǹkan pàtàkì ṣẹlẹ̀. Títí di ìgbà náà, ohun tí àwọn aṣòfin bá bù fún ilé-ìwé náà lọ́dọọdún ló ń ná. Òfin tuntun wá fi í sínú ètò ìpín owó ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi àkànṣe kan sí i. Ní ilé-ìwé olórùlé, ọ̀sẹ̀ ìkànìyàn ló ń pinnu owó: wọ́n á ka àwọn ọmọ, wọ́n á sì sanwó gẹ́gẹ́ bí iye tí wọ́n bá kà. Ní ti ilé-ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ̀kọ́ tí ọmọ bá ṣe yọrí nìkan ni ìpínlẹ̀ ń sanwó rẹ̀. Kírẹ́díìtì 6 tí wọ́n ṣe yọrí ló jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lójú òfin. Ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ tí ó sì sá lọ kò mú kọ́bọ̀ wọlé.

Ẹ wo ohun tí èyí sọ iṣẹ́ olùkọ́ dà. Ìwé-àṣẹ ìpínlẹ̀ Florida pọndandan fún gbogbo olùkọ́ ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti pọndandan fún olùkọ́ inú kíláàsì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí owó ilé-ìwé rẹ̀ so mọ́ àṣeyọrí ọmọ kò lè jókòó ti ìwé-àṣẹ nìkan. Olùkọ́ ń pe ọmọ lórí fóònù, ó ń pe òbí náà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀. Ìpè fóònù wá di apá kan iṣẹ́ olùkọ́ bíi títọ́ka sí àṣìṣe nínú iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ìlànà náà kò dá ṣáká délẹ̀ o. Ọmọ ní ọjọ́ 28 láti dán ẹ̀kọ́ wò kó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láìsí ìtìjú. Ẹni tó bá kúrò nígbà náà kò sí nínú ìṣirò àṣeyọrí, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ti lo àkókò lórí rẹ̀. Ní 2013 sì ni àwọn aṣòfin tún ìpín owó náà ṣe, wọ́n ní owó tó wà fún ọmọ kan gbọ́dọ̀ di pínpín láàárín àgbègbè rẹ̀ àti ilé-ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó tó ń wọlé ja, ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó kún ojú òṣùwọ̀n sì pàdánù iṣẹ́ wọn láìṣe pé wọ́n kọ́ni burúkú. Ìlà kan nínú òfin ìnáwó ló lé wọn lọ.

Ohio gba ọ̀nà mìíràn. Láti 1997 ni òfin ibẹ̀ ti fàyè gba irú ilé-ìwé tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní charter: owó ìjọba ló ń gbé e ró, òbí kì í sanwó, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ló ń ṣàkóso rẹ̀, ó sì lè gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ aládàáni. William Lager, oníṣòwò kan ní ìlú Columbus, ló dá ECOT sílẹ̀ ní ọdún 2000. Iye orúkọ tó wà nínú ìwé ni ìpínlẹ̀ ń wò sanwó. Ìkìlọ̀ sì tètè dé. Nígbà tí ọ́fíìsì ayẹ̀wé-owó-wò àgbà ìpínlẹ̀ yẹ ìwé oṣù kẹsàn-án 2000 wò, wọ́n rí i pé ìjọba ti sanwó fún àwọn ọmọ tó ju 2,000 lọ, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ 7 péré ló wọlé sórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé náà lóṣù yẹn.

Ọmọ 7. Ẹni tó bá mọ ìtàn òṣìṣẹ́ iwin nínú ìwé owó-oṣù ní Nàìjíríà kò ní ya ẹnu. Ohun ìyanu ni pé ilé-ìwé náà tún lo ọdún 17 sí i, ó sì ń tóbi sí i.

Kì í ṣe pé Ohio kò ní òfin lórí olùkọ́. Òfin ní kí olùkọ́ ní ìwé-àṣẹ ìpínlẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní olùkọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀ fún un, kí ọmọ tó wà lọ́rùn olùkọ́ kan má sì ju 125 lọ. Lórí ìwé, gbogbo rẹ̀ gún régé. Ṣùgbọ́n ọmọ 125 pọ̀ lọ́rùn ẹnì kan. Tí ilé-ìwé bá sì ti gba owó lórí ọmọ kí ó tó wọlé sórí kọ̀ǹpútà, olùkọ́ tó ń wá ọmọ tó sọnù kiri ń ṣe iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó ń sanwó rẹ̀. Òfin olùkọ́ ní kí ẹni tó kún ojú òṣùwọ̀n wà níbẹ̀. Òfin owó kò bìkítà bí ẹnikẹ́ni bá wà níwájú rẹ̀. Nínú méjèèjì, òfin owó ni ilé-ìwé máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Lọ́dún 2016, ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ́ pé kò sí ilé-ìwé kan ní gbogbo Amẹ́ríkà tí iye ọmọ tó kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tàbí tí kò parí láàárín ọdún 4 pọ̀ tó ti ECOT. Láàárín àkókò kan náà, ilé-iṣẹ́ méjì tó jẹ mọ́ Lager fúnra rẹ̀ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé-ìwé náà, owó tí wọ́n gbà láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn sì sún mọ́ mílíọ̀nù 200 dọ́là. Òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tún dáwó ìpolongo ìbò tó ju mílíọ̀nù 2 dọ́là fún àwọn olóṣèlú Ohio. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìkìlọ̀ ọdún àkọ́kọ́ fi di ohun ìgbàgbé lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ níbẹ̀.

Ọdún 2016 yẹn ni ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ní kí ECOT mú àkọsílẹ̀ wákàtí tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lò wá. Ilé-ìwé náà ní àwọn ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ju 15,000 lọ. Àwọn tí ẹ̀rí gbè lẹ́yìn kò ju nǹkan bíi 6,300. Ìpínlẹ̀ ní kí wọ́n dá mílíọ̀nù 60 dọ́là padà fún ọdún ẹ̀kọ́ yẹn nìkan. Àyẹ̀wò ọdún tó tẹ̀lé e fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 19 kún un.

ECOT gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ní ohun tí òfin béèrè ni pé kí ilé-ìwé pèsè àǹfààní ẹ̀kọ́ wákàtí 920 lọ́dún. Òfin kò ní kí ọmọ lò ó. Bí ẹni tó se oúnjẹ fún ọgọ́rùn-ún àlejò, tí ogójì péré wá, tó ní kí wọ́n sanwó àwo ọgọ́rùn-ún ló rí. Síbẹ̀, àwíjàre náà kì í ṣe ti aláìlójútì pátápátá. Àdéhùn kan wà láti 2003 lórí bí wọ́n ṣe máa ń ka ọmọ, ìpínlẹ̀ sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sanwó láìbéèrè wákàtí. Ọmọ tó ń sùn ní ìjókòó ẹ̀yìn ní ilé-ìwé olórùlé náà ń mú owó wọlé. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2018, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Ohio dájọ́: adájọ́ 4 ní ìpínlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ wákàtí, àwọn 2 kò fara mọ́ ọn.

Ìdájọ́ dé lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ti tó nǹkan bí oṣù méje tí ilé-ìwé náà ti kógbá sílé, torí pé bí ìpínlẹ̀ ti ń yọ gbèsè kúrò lára owó oṣooṣù rẹ̀ ni àpò rẹ̀ gbẹ. Yorùbá ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ní Ohio, orí àwọn ọmọ ni igbá náà kọ́kọ́ bọ́ sí. Àwọn kan padà sí ilé-ìwé àdúgbò tí wọ́n ti sá kúrò nítorí àìsàn, oyún tàbí ìyà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn fi jẹ wọ́n. Àwọn kan lọ sí ilé-ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ pe Lager àti àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́ láti gba owó padà. Ibùjókòó ECOT, tó jẹ́ ilé ìtajà ńlá àtijọ́ kan ní gúúsù Columbus, wọ inú ọjà, wọ́n sì lu ẹrù inú rẹ̀ ní gbàǹjo, kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àga.