Káàdì Kérésì Àkọ́kọ́

Ará kan ń bínú pé ọ̀gá òun ní kí òun ya káàdì ọdún tí kò ní dárúkọ Jésù. Ẹ gbọ́ ìtàn o. Ní 1843, ní Lọ́ńdọ̀nù, Henry Cole ní kí John Callcott Horsley ya káàdì Kérésì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà lọ́jà, ṣílè kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kí ni kú Kérésì lóòótọ́, àmọ́ kò sí ibùjẹ ẹran níbẹ̀, kò sí Màríà. Ìdílé tó ń mu wáìnì ló wà láàárín, àní wọ́n ń fún ọmọdé mu! Inú bí àwọn tó ń gbógun ti ọtí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: lápá kan wọ́n ń bọ́ ẹni tébi ń pa, lápá kejì wọ́n ń daṣọ bo aláìní. Mátíù 25 nìyẹn, láìkọ ẹsẹ kankan. Èmi ò rí Alhaji tó máa dá irú káàdì bẹ́ẹ̀ padà.