Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìtàn Dígí Ìwọnmọ́lẹ̀ àti Àwòrán Ọdún Ìbílẹ̀

Nínú àwọn àwòrán ọdún àtijọ́ tí àwọn ìdílé tọ́jú sínú àpótí, a máa ń rí irú kan tó ń bani lọ́kàn jẹ́: àlà funfun ń tàn, agbádá ń dán, ṣùgbọ́n ojú àgbà tó wọ̀ ọ́ dúdú bí èédú. Ẹni tó bá ń wá ojú bàbá rẹ̀ níbẹ̀, aṣọ bàbá rẹ̀ nìkan ni yóò rí. Kì í ṣe ọ̀lẹ ayàwòrán ló fa èyí nígbà gbogbo. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn ìmọ́lẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀, ó sì ní ìtàn tirẹ̀.

Ní ọdún 1929 ni ilé iṣẹ́ Franke & Heidecke, ní ìlú Braunschweig ní Jámánì, gbé ẹ̀rọ Rolleiflex jáde. Ojú méjì ló ní: ayàwòrán ń fi ọ̀kan wòran, èkejì ń gbé àwòrán sórí fíìmù. Fíìmù 120 tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá ń lò fẹ̀ ju ti kámẹ́rà kékeré lọ. Àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 ní òró àti ní ìbú, 12 péré sì ni fíìmù kan ń gbà. Rolleiflex ni Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí ní 1902, fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àwòrán ní 1932. Òun náà ló gbé wá sí Dahomey. Ní Kétu ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nífá ní 1953, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí.

Àyà tàbí ikùn ni wọ́n ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí. Ayàwòrán á tẹrí ba, á wo dígí tó wà lókè rẹ̀. Ìdúró yìí yẹ ẹni tó wà níwájú ọba, ó sì ń mú kí ẹni tí wọ́n ń yà ga nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n inú dígí náà, ọ̀tún ti di òsì. Bí Eégún bá sá lọ sí ọ̀tún, òsì ló ń lọ nínú dígí. Kí ayàwòrán tó mọ ibi tí yóò yí ẹ̀rọ sí, Eégún ti lọ.

Victor Hasselblad, ará Sweden, gbé ẹ̀rọ olójú kan tirẹ̀ jáde ní 1948. Pentacon Six ti Jámánì Ìlà-Oòrùn àti Pentax 6x7 ti ilẹ̀ Japan, tó jáde ní 1969, wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e. Lórí irú àwọn ẹ̀rọ yìí, wọ́n lè yọ dígí òkè kúrò, kí wọ́n fi prísímù rọ́pò rẹ̀, ìyẹn dígí nípọn tí wọ́n gé ní igun-igun. Prísímù yìí ń dá ọ̀tún padà sí ọ̀tún, ayàwòrán á sì gbé ẹ̀rọ sí ojú dípò àyà. Nígbà tó yá, wọ́n fi òṣùwọ̀n kékeré kan sínú rẹ̀ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó gba ojú ẹ̀rọ wọlé.

Kí òṣùwọ̀n yìí tó dé, ìrírí àti ìwé pélébé inú páálí fíìmù ni ọ̀pọ̀ ń gbára lé. Nínú oòrùn tó mú, wọ́n á gbé ihò ojú ẹ̀rọ sí 16. Bí fíìmù bá jẹ́ 100, wọ́n á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé fún ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn tí òṣùwọ̀n dé, ayàwòrán á kọ́kọ́ tò ó sí irú fíìmù tó wà nínú ẹ̀rọ, á wo ohun tó kà, á sì fi ọwọ́ gbé nọ́ńbà náà sórí ojú ẹ̀rọ, bí wọ́n ti ń ṣe pẹ̀lú Hasselblad àti Pentacon Six.

Síbẹ̀, òṣùwọ̀n kò mọ àlà yàtọ̀ sí èédú. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi hàn án, ó gbà pé àwọ̀ eérú ló yẹ kó ní. Bí àwọn olórìṣà bá wọ àlà jókòó, tí funfun sì gba gbogbo dígí, yóò sọ pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú àwọn ènìyàn á sì sọnù. Ẹni tó ń tẹ àwòrán lè dá àlà padà sí funfun, ṣùgbọ́n ohun tí fíìmù kò gbà lójú, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Bí ojú dúdú nìkan bá sì gba dígí, òṣùwọ̀n á ní kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí i, awọ ara á wá funfun bí ẹni tó fi eérú para.

Nítorí náà, ayàwòrán tó mọṣẹ́ kì í gba ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Bí àlà bá pọ̀, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un ní ìpele kan tàbí méjì. Tàbí á sún mọ́ àgbà náà, á wọn ojú rẹ̀ nìkan, á dín in kù ní ìpele kan, á sì padà sí àyè rẹ̀. Ẹ̀rọ ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ènìyàn ló ń mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kò jìnnà sílé. Ní Àjàṣẹ́, Joseph Moïse Agbodjélou, tí wọ́n bí ní 1912, wà lára àwọn àgbà iṣẹ́ àwòrán ní ilẹ̀ Benin. Ọmọ rẹ̀, Léonce Raphaël Agbodjélou, tí wọ́n bí ní 1965, kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Fíìmù fífẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni òun náà ń lò, ó sì ti ya àwọn Eégún Àjàṣẹ́.

Ní Salvador, ní Bahia, ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní orúkọ Verger ní 1988 ń tọ́jú nẹ́gátíìfù rẹ̀ tó lé ní 60,000. Ti àwọn ayàwòrán àdúgbò ńkọ́? Ooru, ọ̀rinrin àti ìmú kì í ṣàánú fíìmù. Bí àwòrán orí ìwé bá ya, wọ́n lè tún un tẹ̀. Bí nẹ́gátíìfù bá bàjẹ́, ó parí. Iṣẹ́ mérì, àwọn olóyè àti ẹgbẹ́ ni láti wá ibi gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fún wọn. Iṣẹ́ ìdílé ni kí wọ́n kó wọn kúrò nínú ọ̀rá sínú àpòòwé, kí wọ́n sì kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sí i lára nígbà tí àwọn tó mọ ojú wọ̀nyẹn ṣì wà láàyè.